Sí Ẹ̀gbọ́n Tó Fi Ọwọ́ Òsì Ṣe Ilé Lórí Third Mainland

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mi ò mọ orúkọ yín, ẹ̀yin náà ò sì mọ tèmi, ṣùgbọ́n a jọ rìn láti Ìyànà-Ọ̀wọ́rọ̀ dé Adénìjí láàárọ̀ Sátidé tó kọjá. Ẹ̀yin lẹ wà nínú Camry aláwọ̀ eérú yẹn, tí páálí tíṣù wà lẹ́yìn gíláàsì rẹ̀, tí wọ́n lẹ bébà mọ́ ìdí rẹ̀ pé ọmọ wà nínú ọkọ̀. Èmi ni obìnrin tó wa bọ́ọ̀sì funfun kékeré tí wọ́n kọ búrẹ́dì sí lára, lápá ọ̀tún yín. Bóyá ẹ rí mi. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ ṣá, torí ní gbogbo ìrìn yẹn, mi ò rí i kí orí yín yí síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún.

Kí n tó sọ ohun tó wà níkùn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ má baà kà mí mọ́ àwọn ọmọ tó ń fi ọkọ̀ fò lórí afárá. Búrẹ́dì ni mò ń gbé. Láti ìdájí ni wọ́n ti ń yọ ọ́ nínú ààrò ní Bàrígà, èmi ni mo sì ń kó o lọ fún àwọn ìyá ẹlẹ́wà àti àwọn onítíì ní Ọbáléndé. Búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú ààrò bọ́ kì í fẹ́ eré. Tí mo bá sáré, tí mo wá tẹ búréèkì lójijì, èyí tó wà lókè á gun èyí tó wà nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì pẹlẹbẹ bí irọ̀rí ilé ìwòsàn. Nítorí náà 60 ni mò ń wà, bó bá pọ̀ jù 65. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe é. Nínú gbogbo wa tí à ń gba Third Mainland láràárọ̀, agbára káká lẹ fi máa rí ẹni tó ń rọra tó mi.

Torí náà, ìrọra yín kọ́ ni mo bá wá. Ibi tí ẹ ti ń rọra ni.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bí afárá yẹn ṣe rí, torí ojúmọ́ kan ò mọ́ kí a má gbà á, èyí sì máa ń jẹ́ kéèyàn gbàgbé láti wò ó. Ó gùn tó kìlómítà 11.8. Ọdún 1990 ni wọ́n ṣí i tán pátápátá, nígbà ìjọba Babangida. Ìlà mẹ́rin ló wà fún àwọn tó ń lọ sí Èkó, mẹ́rin fún àwọn tó ń bọ̀. Ìlà tó kángun sí ọwọ́ ọ̀tún, àwọn dáńfó ló ni ín, àwọn àti ẹni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí Adékúnlé, àti ọkọ̀ tó ti kú tí wọ́n fi ẹ̀ka igi ṣe àmì sẹ́yìn rẹ̀. Ìlà kejì, ibẹ̀ ni mò ń gbé. Ìkẹta wà fún ẹni tó yá jù mí lọ. Ìkẹrin, èyí tó fara ti sìmẹ́ńtì àárín, ibẹ̀ la ti ń kọjá lára ẹlòmíràn. Èèyàn á bọ́ síbẹ̀, á kọjá, á padà.

Fást léènì ni gbogbo awakọ̀ ń pè é. Lójú tèmi, orúkọ yẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ fi 140 sá eré gbọ́ orúkọ náà, ó ní tòun nìyẹn. Ọ̀gá tó ra ọkọ̀ tuntun gbọ́ ọ, ó ní ibẹ̀ ló yẹ òun, bí ẹni tó yan àga iwájú lóde ìyàwó. Ká ní ìlà ìkọjá la ti ń pè é látìbẹ̀rẹ̀ ni, bóyá ẹnikẹ́ni ò ní máa tẹ́ ẹní síbẹ̀.

Ó dáa. Àárọ̀ Sátidé yẹn, agogo méje kù díẹ̀, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìrìn mi kejì ni. Èéfín ẹja ti ń rú láti Mákòkó, ọmọ tó ń bá mi gbé búrẹ́dì jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn pátákó, ó ń fi fóònù gbọ́ orin. Mita mi ń ka 60. Mo bojú wo ọwọ́ òsì, ẹ̀yin rèé ní ìlà ìkẹrin, ẹ ò kọjá mi, ẹ ò rẹ̀yìn. Báyìí ni èmi àti yín jọ ń lọ bí ọkọ àti ìyàwó tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, ìlà kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Tiráfíkétọ̀ ọwọ́ òsì yín ń ṣẹ́jú. Mo ní, ibo ni ẹ̀gbọ́n yìí fẹ́ yà sí? Sínú sìmẹ́ńtì?

Nígbà tó yá, mo rí jíìpù dúdú kan lẹ́yìn yín. Ó ṣẹ́ná. Ẹ ò kúrò. Ó tẹ họ́ọ̀nù, ẹ ò kúrò. Ó bọ́ sí ìlà ìkẹta, ó gba àárín èmi àti yín kọjá fìì, ó sì padà síwájú yín lọ́nà tó fi hàn pé inú ń bí i. Ọkọ̀ méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Lẹ́yìn wọn ni dáńfó kan wá. Ẹ mọ̀ wọ́n, wọn ò ní sùúrù ìṣẹ́ná. Ó fẹ́ gba àárín wa bí àwọn tó ṣáájú, ṣùgbọ́n ìyá kan nínú Corolla pupa ti wà ní ìlà ìkẹta nígbà náà, ó ń lọ jẹ́jẹ́ tirẹ̀. Bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó yẹn, mẹ́ta nínú wa ti di ògiri: Camry, Corolla, bọ́ọ̀sì búrẹ́dì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé èmi àti ìyá yẹn wà níbi tó yẹ ká wà.

Ni dáńfó bá yà lọ sí ọ̀tún mi, sí ìlà àkọ́kọ́. A ti ń sún mọ́ Adékúnlé. Ẹ mọ ibẹ̀, ibi tí àwọn tó ń bọ̀ láti Yaba ti máa ń gun afárá láti ọwọ́ ọ̀tún. Ọkọ̀ kan ń gòkè bọ̀ níbẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ wẹ̀yìn bó ṣe yẹ, ó ti ṣírò pé ẹni tó bá wà ní ìlà ìsàlẹ̀ kò lè máa sáré. Ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà. Dáńfó ni kò yẹ kó wà níbẹ̀ lórí eré yẹn. Dáńfó rí i, kò lè dúró mọ́, ó já síwájú mi.

Mo tẹ búréèkì.

Ṣé ẹ mọ ariwo tí búrẹ́dì máa ń pa tó bá ń wó? Kò pariwo kankan. Ìyẹn ló burú níbẹ̀. Ó kàn máa ń rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tó já lókùn, pátákó lórí pátákó, òórùn ìwúkàrà á sì gba inú ọkọ̀ kan bí ìgbà tí wọ́n tún ṣí ààrò. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ọmọ yẹn lábẹ́ gbogbo rẹ̀: "Màmá, mi ò kú o, ṣùgbọ́n búrẹ́dì ti kú."

Dáńfó ti lọ. Ẹ̀yin náà ń lọ ní tiyín, 60, tiráfíkétọ̀ ń ṣẹ́jú.

Nígbà tí mo dé Ọbáléndé, mo ka 37 tó ti tẹ̀. Ìyá ẹlẹ́wà kan bá mi gba ìdajì rẹ̀ ní ẹ̀dínwó, torí pé ẹni tó fẹ́ fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà agànyìn kì í bi í léèrè bóyá ó ga. Ìyókù, àwọn ọmọ ilé jẹ ẹ́ títí ó fi sú wọn. Mi ò bèèrè owó lọ́wọ́ yín o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀ lápá ọ̀tún yín láàárọ̀ yẹn.

Mo bú dáńfó yẹn, n ò purọ́. Mo bú u láti Adékúnlé dé Ìlúbìnrin, ẹ̀bi rẹ̀ sì ni, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi irú eré yẹn gba ọ̀tún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara mi balẹ̀, mo tún un rò. Ìlà ìkẹrin ni ọkùnrin yẹn kọ́kọ́ wà. Ká ní ibẹ̀ ṣí, á ti kọjá lọ síbi tó ń lọ, òun àti èmi ò bá má pàdé láyé yìí. Ẹ wo gọ́tà àdúgbò wa lásìkò òjò: ibi tí ẹnì kan da pàǹtírí sí kọ́ ni omi ti ń bá àwọn èèyàn jà, ilé ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló máa ń wọ̀. Èmi ni mo wà nísàlẹ̀ yín.

Ẹ sì jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń lọ lórí 60 ń jẹ nǹkan bíi mítà 17 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ń lọ lórí 100 ń jẹ mítà 28. Ẹni tó ń gòkè bọ̀ láti Adékúnlé ti wojú ọ̀nà, ó rí mi, ó mọ irú eré tí mò ń sá, ó fọkàn balẹ̀. Ẹ wá fi ẹni tó ń lọ lórí 100 sí ìlà tó ti rò pé àwọn bíi tèmi ló wà níbẹ̀. Kó tó pajú dé, ẹni yẹn ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú ọkọ̀ tiwa tí sítíárì wà lọ́wọ́ òsì, apá ọ̀tún ni ojú wa kò ká dáadáa. Tí ẹ bá wà lọ́wọ́ òsì, apá ibi tí ojú kò ká yẹn gan-an ni ẹ ń ti gbogbo ẹni tó fẹ́ kọjá lára yín sí.

Mo ti mọ èsì yín, torí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ máa ní: "Mi ò rú òfin eré sísá. Ẹni tó bá fẹ́ sáré pa ara rẹ̀, ṣé èmi ni kí n yà fún un?" Òótọ́ ni, 100 ni òfin fún mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ lójú ọ̀nà mọ́rosẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ná sí yín ló sì ti ré e kọjá. Ṣùgbọ́n ìwé òfin ìrìnnà kan náà tó sọ bí eré ṣe gbọ́dọ̀ mọ ló sọ pé ọwọ́ ọ̀tún lèèyàn ń wà, àfi tó bá fẹ́ kọjá lára ẹlòmíràn. Ẹ ò lè di apá kan ìwé mú kí ẹ fi ìyókù nu ọwọ́. Àwọn tó ń mú asáré sì wà. Ọdún 1988 ni ìjọba dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká ni alága wọn àkọ́kọ́. Wọ́n ní aṣọ, wọ́n ní fìlà, wọ́n ní ọkọ̀ tí iná wà lórí rẹ̀. Camry yín ò ní.

Èsì kejì tí ẹ lè fún mi lágbára ju ìyẹn lọ, ibẹ̀ sì ni ẹnu mi ti wúwo díẹ̀: ẹ̀rù. Ta ni kò mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ní Èkó dà bí ọjà? Dáńfó á dúró lójijì torí ẹnì kan pariwo "ó wà o!" Ẹnì kan á ta jáde láti ẹ̀gbẹ́. Tírélà á kú síbẹ̀ lálẹ́ láìtan iná. Nígbà tí mò ń kọ́ ọkọ̀ wíwà, ohun àkọ́kọ́ tí olùkọ́ mi sọ fún mi ni pé: "Àǹtí, ẹ di ọwọ́ òsì mú, ẹ sún mọ́ sìmẹ́ńtì, sìmẹ́ńtì kì í gbá èèyàn." Oṣù mẹ́fà ni mo fi sún mọ́ sìmẹ́ńtì. Mo ń lọ lórí 40, ọwọ́ mi ń làágùn lórí sítíárì, gbogbo ayé ń bú mi, mo sì rò pé èèyàn burúkú ni gbogbo wọn. Awakọ̀ àgbà kan tí a jọ ń gbé ẹrù ló fi mí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan. Ó ní: "Ìyáálé, ìwọ lo ń bẹ̀rù eré, ìwọ lo lọ gbé láàárín àwọn tó ń sáré." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti kó wá sí ìlà kejì. Ìlà kejì, ẹ̀gbọ́n. Ẹnikẹ́ni ò ní kí ẹ lọ bá dáńfó jà ní ìlà àkọ́kọ́. Ìlà mẹ́rin ni wọ́n fún wa, ààyè pọ̀ láàárín.

Mo tún rántí bàbá mi. Wọ́n wa bọ̀lẹ̀kájà, wọ́n sì wa mólúè lẹ́yìn náà. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọkọ̀, ọwọ́ òsì ni gbogbo Nàìjíríà ń gbà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́ wa. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, ni ìjọba Gowon kó gbogbo wa lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, torí ọ̀tún ni gbogbo àwọn tó múlé gbè wá ń gbà, láti Dahomey tí wọ́n ń pè ní Benin báyìí dé Niger dé Kamẹrúùnù. Bàbá ní odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ọwọ́ àwọn fi ń fà sósì fúnra rẹ̀ bí ẹṣin tó mọ ọ̀nà ilé. Títí wọ́n fi fi ọkọ̀ sílẹ̀, tí ọ̀nà bá ti ṣófo, ẹ máa rí i tí wọ́n á máa fẹ̀gbẹ́ lọ sósì díẹ̀díẹ̀. Tí a bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní: "Ọwọ́ òsì ni ti onísùúrù." Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, òótọ́ ni. Mo dárí jì wọ́n. Ṣùgbọ́n irùngbọ̀n yín tí mo rí láti inú bọ́ọ̀sì mi ò tíì funfun tó ti 1972.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Manchester ní ọ̀tún ni ìkọjá tiwọn wà níbẹ̀, torí àwọn ṣì ń gba ọwọ́ òsì. Ó ní láti 2013, ẹni tó bá jókòó sí ìlà àárín láìnídìí, ọlọ́pàá lè já ìwé ìtanràn 100 pọ́ùn fún un, kí wọ́n sì fi àmì mẹ́ta sí láísẹ́ǹsì rẹ̀. Ẹ̀rín pa mí. Mo rò ó wò bí ẹnì kan bá fẹ́ dá yín dúró lórí Third Mainland láti já irú ìwé bẹ́ẹ̀, ibo ni yóò dá yín dúró sí? Òun fúnra rẹ̀ á tún dá gosílò tuntun sílẹ̀.

Kí n má gbàgbé: ọ̀rọ̀ ìgbà tí ọ̀nà bá ṣí ni mò ń sọ o. Tí ó bá di ìrọ̀lẹ́ Fráídè, tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ti mú gbogbo wa, tí àwọn ọmọ ti ń ta gàlà àti omi láàárín ọkọ̀, ẹ jókòó síbi tó bá wù yín. Kò sẹ́ni tó ń kọjá lára ẹnikẹ́ni nígbà yẹn.

Ẹ má rò pé ìṣẹ́jú tí ẹ fi ń dá wọn dúró ló ń dùn mí. Ẹni tó bá fi 60 gba gbogbo afárá yẹn á lo ìṣẹ́jú 12, ẹni tó bá fi 80 gbà á á lo 9. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni gbogbo ìjà náà. Tó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, mi ò bá ti ní kí wọ́n ní sùúrù, kí wọ́n ra búrẹ́dì kan lọ́wọ́ mi kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lẹ́yìn yín. Ohun tó ń dùn mí ni ibi tí wọ́n ń gbà nígbà tí wọn ò bá lè gba ti yín. Ẹ̀yin ò lè rí i, torí ẹ̀yìn àti ọ̀tún yín ló ti ń ṣẹlẹ̀. Níwájú yín, ọ̀nà ṣófo, ó dáa, àlàáfíà wà.

Ó ku Adénìjí. Mo ti rò pé ẹ ń lọ tààrà ni, bóyá Ìkòyí, bóyá CMS. Ṣùgbọ́n bí a ṣe kan ibi tí wọ́n ti ń yà sí Adénìjí lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan nílé, ẹ wá gé gbogbo ìlà mẹ́rin kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níwájú Corolla, níwájú mi, níwájú dáńfó mìíràn tó fi gbogbo ìran yín bú. Ìgbà kejì tí mo tẹ̀ búréèkì nìyẹn. Kò sí búrẹ́dì tó kù láti wó. Ó yà mí lẹ́nu: ìṣẹ́jú 12 gbáko lẹ fi wà lápá òsì, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀tún lẹ ń lọ láti ilé.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé tiráfíkétọ̀ ọwọ́ òsì yín ló ń ṣẹ́jú síbẹ̀, tí ti ọ̀tún ò tan rárá. Bóyá gúlóòbù rẹ̀ ti jó, bóyá ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń lo ti òsì nìkan. Réwáyà kan wà ní Bàrígà, lẹ́yìn ilé epo, lójú ọ̀nà tó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì wa. Òun ló ṣe gbogbo iná bọ́ọ̀sì mi, kì í gbówó gọbọi. Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ní oníbúrẹ́dì ló ní kí ẹ wá. Kó yẹ ti ọ̀tún wò fún yín.

Èmi ni,
Oníbúrẹ́dì tó wà ní ìlà kejì